Ọ̀nà Kúkúrú Nìkan Ló Mọ̀

Ní Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, nítòsí ààfin Ẹ́míà, ẹni tó bá mọ iṣu gbígbẹ rà kì í fi ojú lásán yàn án. Yóò mú ègé kan nínú àpò, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ṣẹ́ ẹ, yóò tẹ́tí sí bó ṣe kán, yóò wá gbé ojú ibi tó ti kán sínú ìmọ́lẹ̀. Àárín gan-an ló ń wò. Bí àárín bá le, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí àárín bá rọ̀, tàbí tó ti bu, yóò jù ú padà sínú àpò, kò sí ìpolówó tí ẹlẹ́lùbọ́ lè ṣe tí yóò mú un yí ọkàn padà, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, èlùbọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ bàjẹ́, àmàlà rẹ̀ kò sì ní dùn. Òde iṣu lè parọ́ fún ènìyàn. Àárín kì í parọ́, torí pé òun ló máa ń gbẹ gbẹ̀yìn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òun ló ń gbẹ̀yìn? Oòrùn kan náà ló pa ègé iṣu náà, atẹ́gùn kan náà ló fẹ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé omi àárín kò rí ojú ọ̀nà tó lè gbà ṣàn jáde, kò sì sí ẹni tó ń tì í. Gbígbọ̀n ara rẹ̀ nìkan ló ń gbé e rìn. Ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré jù lọ tí a ṣì lè pè ní omi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mólékù, kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ó ń padà síbi tó ti kúrò. Kò mọ inú yàtọ̀ sí ìta. Àmọ́ níwọ̀n bí omi ti pọ̀ láàárín ju etí lọ, àwọn tó ṣèèṣì bọ́ sí etí yóò máa pọ̀ ju àwọn tó ṣèèṣì padà sí àárín lọ, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń tán nínú iṣu láìsí ẹni tó lé e. Èyí ni mo pè ní ìtànkálẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ìṣàn. Nígbà tí odò bá gbé ewé lọ, tí afẹ́fẹ́ gbé eruku, tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé àpò iṣu wọ Ìlọrin, ìṣàn ni, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ jọ ń lọ sí apá kan náà. Ìtànkálẹ̀ kò ní apá kankan tó kọjú sí.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtànkálẹ̀ yìí, tí a gbà pé ó ń ṣe gbogbo nǹkan, ọ̀nà kúkúrú nìkan ló lè rìn dáadáa, àti pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ọ̀bẹ, ọlọ àti abẹ̀bẹ̀ ṣe kì í ṣe ohun mìíràn ju kí wọ́n bá a gé ọ̀nà kúrú. Ara ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń ṣe é kí ọjà kankan tó wà.

Ìmọ̀ yìí kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1827, Robert Brown, onímọ̀ ewéko ará Scotland, fi máíkírósíkóòpù wo àwọn hóró tíntìntín tó jáde láti inú ìyẹ̀fun òdòdó nínú omi, ó rí i pé wọn kò yéé gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀mí nínú wọn. Ní 1855, Adolf Fick, oníṣègùn ará Jámánì, gbé òfin kan kalẹ̀: bí ìyàtọ̀ bá ṣe pọ̀ tó láàárín ibi tí nǹkan ti pọ̀ àti ibi tó ti kéré, tí ibi méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà yóò ṣe máa yára kọjá tó. Ní 1905 ni Albert Einstein so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi ìṣirò hàn pé gbígbọ̀n tí Brown rí ló bí òfin tí Fick kọ. Jean Perrin ará Faransé fi ìdánwò wọn gbogbo rẹ̀ wò, ó bá a bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1926. Nínú ìṣirò Einstein ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà tààrà, bí ọ̀nà rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, àkókò rẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì. Ti ìtànkálẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ìṣísẹ̀ tó bá gbé síwájú, òmíràn lè gbà á padà. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, àkókò rẹ̀ á di ìlọ́po 4. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po 10, àkókò á di ìlọ́po 100.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mólékù kékeré kan nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́ lè la ìdá kan nínú 100 mìlímítà kọjá, èyí tó tó ìwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, láàárín ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú kò tí ì ṣẹ́ kó tó débẹ̀. Láti rin mìlímítà 1, ìṣẹ́jú 8 ni yóò gbà á. Láti rin sẹ̀ǹtímítà 1, nǹkan bíi wákàtí 14. Sẹ̀ǹtímítà 10, tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò gbà á tó oṣù méjì. Mítà 1 péré, ọdún bíi 16. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó gbéra yóò ti máa wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kó tó débẹ̀. Ohun kan náà ló yára bí ìṣẹ́jú-àáyá nígbà àkọ́kọ́, tó sì falẹ̀ bí ọdún nígbà ìkẹyìn. Ọ̀nà tí a fún un nìkan ló yàtọ̀.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ padà sídìí iṣu. Ẹni tó bá ń ṣe èlùbọ́ yóò bó iṣu, yóò gé e, yóò bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná láìjẹ́ kó jinná, yóò fi í sílẹ̀ mọ́jú nínú omi náà, lẹ́yìn náà ni yóò tó sá a. Bí ègé bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, tí oòrùn ń pa á lójú méjèèjì, omi àárín ní sẹ̀ǹtímítà 1 láti rìn. Bí a bá gé e sí ìlàjì ìnípọn yẹn, ọ̀nà di ìlàjì, àkókò di ìdá mẹ́rin. Bí a bá fi odindi iṣu tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sílẹ̀ láìgé, ọ̀nà di ìlọ́po 4, àkókò di ìlọ́po 16, olú àti kòkòrò á sì ti jẹ àárín rẹ̀ kí omi tó rí ọ̀nà jáde. Ẹnìkan lè ní ṣebí a ń rí àwọn tó ń sá odindi iṣu, tó sì ń gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣu wo ni wọ́n ń sá lódindi? Àwọn iṣu wẹ́wẹ́ ni, àwọn tí kò níláárí lọ́jà gẹ́gẹ́ bí iṣu tútù, tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti bá wọn gé kéré. Kò sẹ́ni tó ń sá iṣu ńlá tó tó itan láìgé.

Àtakò tó lágbára ju èyí lọ ni ti ọyẹ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni nǹkan ń gbẹ kíákíá, pé atẹ́gùn líle tó gbẹ ló ń ṣiṣẹ́ náà, nítorí náà kí la ń fi ọ̀bẹ pariwo sí? Òótọ́ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi wà lójú iṣu, bí atẹ́gùn bá sì ṣe yára gbé ọ̀rinrin kúrò níbẹ̀ ni iṣu á ṣe yára gbẹ. Àmọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ, atẹ́gùn kò rí nǹkan gbé mọ́ àyàfi ohun tí àárín bá fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ìránṣẹ́ yẹn sì wà lọ́wọ́ ìtànkálẹ̀ nìkan. Láti ìgbà náà lọ, ọyẹ́ lè máa fẹ́ títí, kò lè wọ inú iṣu lọ fa omi jáde. Kódà bí ooru bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, ojú ègé á sé, á le bí èèpo, á sì há omi mọ́ inú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbẹ máa ń náwó sórí iná àti fáànù. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni báwo ni ègé ṣe nípọn tó.

Wàrà fi ọ̀rọ̀ kan náà hàn láti ẹ̀yìn wá, torí pé níbẹ̀ nǹkan ń wọlé ni. Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á da omi ewé bomubomu sí i, á dì, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ní Ìlọrin, funfun la sábà máa ń rí i, tó ń léfòó nínú omi ara rẹ̀ nínú abọ́. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè Paraku, wọ́n máa ń fi omi tí èèpo ọkà bàbà ti pa láró sè é, á pọ́n bí osùn. Ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó pọ́n yẹn. Pupa rẹ̀ kò ju etí lọ, ó fẹ́lẹ́ bí èékánná, inú rẹ̀ sì funfun báláú. Aró náà gbìyànjú láti wọlé láti gbogbo ìhà, àmọ́ mólékù rẹ̀ tóbi, ó tún ń lẹ̀ mọ́ ara wàrà bó ṣe ń lọ, ọ̀nà sì ti gùn jù fún un. Iyọ̀ kéré ju aró lọ, òun á wọlé jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wàrà bá nípọn tó ìka mẹ́ta, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á mọ̀ pé òde ló gba iyọ̀. Ẹlòmíràn á ní kí a kúkú fi iná sí i, torí pé ooru ń mú kí mólékù sáré. Ó ń mú un sáré lóòótọ́: láti omi tútù inú ilé dé omi tó ń hó, ìtànkálẹ̀ lè yára tó nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Gbogbo igi tí a jó láti mú omi hó fún wa ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀bẹ tó gé ègé kan ṣoṣo sí méjì fún wa ní ìlọ́po mẹ́rin, kò sì jó nǹkan kan. Ìdí nìyí tí wàrà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fi ata àti iyọ̀ pa á lára fi ń dùn dé inú, ìdí kan náà sì ni ata tí wọ́n lọ̀ kúnná fi ń tètè ta nínú ọbẹ̀ ju èyí tí wọ́n jù sí i lódindi.

Àmọ́ bí ìtànkálẹ̀ bá falẹ̀ tó báyìí, báwo ni òórùn irú ṣe ń pàdé wa kí a tó rí igbá onírú? Báwo ni ti sùúyà ṣe ń gba ojú títì kọjá lálẹ́? Èyí ni àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní ìtànkálẹ̀, mo sì gbà pé òun ló ba òye wọn jẹ́. Nínú afẹ́fẹ́, ìtànkálẹ̀ yára ju ti inú omi lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po 10,000. Síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá dúró pátápátá, láti rin mítà 1 yóò gba tó wákàtí 14, mítà 10 yóò sì gba tó oṣù méjì. Òótọ́ ni pé imú kò nílò púpọ̀; ẹyọ mélòó kan tó ṣáájú àwọn yòókù ti tó o, nítorí náà a ó gbóòórùn ṣáájú àkókò tí ìṣirò dá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè sọ oṣù méjì di ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó gbé òórùn sùúyà wá ni ooru ẹyín iná tó ń ti afẹ́fẹ́ sókè, atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba àárín ìsọ̀ kọjá, àti àwa fúnra wa tí à ń fi ara da afẹ́fẹ́ rú bí a ṣe ń kọjá. Ìṣàn ló rin ìrìn náà. Inú imú nìkan ni ìtànkálẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tí òórùn ti ń la ọ̀rinrin tó fẹ́lẹ́ kọjá kó tó kan ẹran ara tó ń gbóòórùn.

Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ lè tún bi mí pé: ṣebí mólékù afẹ́fẹ́ ń sáré ju 400 mítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan? Kí ló wá dá a dúró? Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a dúró. Kò lè rin ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kó má kọlu òmíràn, ìkọlù náà sì jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ń fi èrò ọjà ṣàpèjúwe rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń há láàárín èrò lọ́jọ́ tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀. Àpèjúwe yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó há sáàárín èrò ní Ọjà-Ọba mọ ìsọ̀ tó ń lọ. Bí wọ́n bá tì í sẹ́yìn, yóò tún kọjú síbẹ̀. Mólékù tí wọ́n bá tì sẹ́yìn á gba ẹ̀yìn lọ. Ìyẹn gan-an ló sọ ọ̀nà gígùn di ohun tí apá rẹ̀ kò ká.

Ara wa mọ òfin yìí ju ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí lọ. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń gbé nínú omi kò nílò ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, torí pé ọ́síjìn á dé inú rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Èèrà náà kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ihò wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tó gbé afẹ́fẹ́ gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bá sẹ́ẹ̀lì nílé. Ènìyàn tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ́síjìn bá ní láti fi ìtànkálẹ̀ nìkan gba awọ ara dé ọkàn wa, a ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Nítorí náà ara pín iṣẹ́ náà. Èémí jẹ́ ìṣàn: ó gbé afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ìtànkálẹ̀ ti gbà á, láti inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín tó lé ní 300 mílíọ̀nù, tí ojú gbogbo wọn bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ á fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 70 níbùú lóòró, ìyẹn bí ilẹ̀ yàrá mẹ́rin. Ògiri tó wà láàárín afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ kò nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Ọkàn tún gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn yí ara ká láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, títí dé inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ. August Krogh ará Denmark ló ṣe ìwádìí lórí bí àwọn òpó wọ̀nyí ṣe ń ṣí, tí wọ́n ń pa dé nínú iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1920. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro láti rí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ kára tó jìnnà sí wọn ju ìdá kan nínú 10 mìlímítà lọ. Ọ̀nà gígùn di ti ìṣàn, ọ̀nà kúkúrú di ti ìtànkálẹ̀, ní ìgbà méjèèjì.

Nígbà tí òtútù àyà bá mú ọmọdé, ibi tí ogun wà nìyí. Omi àti ọyún kún àwọn àpò afẹ́fẹ́, ọ̀nà tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ di ti omi, ògiri tó fẹ́lẹ́ di èyí tó nípọn, ọmọ sì ń mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìrí ọ́síjìn tó tó. Òògùn ló máa pa kòkòrò àrùn náà, àmọ́ òògùn nílò àkókò. Ọ́síjìn tí nọ́ọ̀sì ń fi sí imú ọmọ kò mú ọ̀nà kúrú, kò sì fọ omi kúrò. Apá kìn-ín-ní òfin Fick ló dì mú: ó sọ ọ́síjìn di púpọ̀ ní ìhà afẹ́fẹ́ kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìhà méjèèjì lè pọ̀ sí i, kí ìwọ̀nba tó ń kọjá lè tó gbé ẹ̀mí ró. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní ọ́síjìn lọ́wọ́ kò ní ohun tó lè fi rọ́pò rẹ̀, ohun tó ń dùn mí nìyẹn nígbàkigbà tí mo bá ronú kàn án.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń wọ sẹ́ẹ̀lì ló ń fi ìtànkálẹ̀ wọlé o. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé nínú ìpàdé kan ní ìlú Prague pé ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń wọ ara ìfun pọ̀ ni, lẹ́nu ọ̀nà kan náà, tí iyọ̀ ń fa ṣúgà wọlé kódà nígbà tí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú. Ìyẹn ni ìmọ̀ tó wà nídìí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru. Ara ń fi agbára ra irú ìwọlé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń rà. Kí ṣúgà tó dé ẹnu ọ̀nà àti lẹ́yìn tó bá wọlé tán, ìtànkálẹ̀ ọ̀fẹ́ ló ń gbé e, ìfun sì ti ká ara rẹ̀ ní ìwẹ́-ìwẹ́ kí ọ̀nà náà má baà gùn.

Àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, ní Ìlọrin kan náà, ní tiwọn ti fi amọ̀ dá ògiri tó ń lo ìṣàn àti ìtànkálẹ̀ papọ̀. Iná tí wọ́n fi ń sun àmù kò gbóná débi tí ihò ara amọ̀ yóò fi dí. Omi ń rìn díẹ̀díẹ̀ gba àwọn ihò náà dé òde, ó ń di oru omi, oru omi náà sì ní láti la afẹ́fẹ́ tó dúró mọ́ ara àmù bí awọ kọjá kó tó bọ́. Lítà 1 tó bá gbẹ lọ báyìí ń kó ooru lọ tó pọ̀ tó láti mú kí lítà 50 omi fi ìwọ̀n Celsius 10 tutù sí i. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ará àríwá Nàìjíríà, fi ìkòkò kan sínú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù há àárín wọn, ó fi ń pa ẹ̀fọ́ àti tòmátì mọ́ fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Lójò, àmù kì í mú omi tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ìta ti kún fún ọ̀rinrin, ìyàtọ̀ tí Fick sọ ti dín kù. Lásìkò ọyẹ́, tí a bá gbé e sábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá, atẹ́gùn á máa bó awọ afẹ́fẹ́ yẹn kúrò, ọ̀nà á kúrú, omi á sì tutù dé eyín. Àmù tó bá ti pẹ́ tí kò sì mú omi tutù mọ́ kò bàjẹ́ dandan. Ìdọ̀tí ló lè ti dí ihò ara rẹ̀. Kí a fi kànìnkànìn ha á dáadáa, kí a sì wò ó lọ́jọ́ kejì bóyá ara rẹ̀ yóò tún máa làágùn.